Ẹni Tó Ń Bá Ògiri Sáré

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbájọ, àkọ́bí bàbá rẹ̀ ni, àbúrò mẹ́rin ló tẹ̀lé e. Nígbà tí bàbá wọn wà láyé, gbogbo wọn a máa pé jọ sílé ní ọ̀sán Sátidé. Bàbá kú, ilé dá páropáro. Oṣù mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó yà. Ó dun ọkùnrin yìí wọra. Ó ní bí ilé yìí bá tú mọ́ òun lórí, ojú wo lòun ó fi wo bàbá òun lọ́run?

Ó wá rántí pé láti kékeré làwọn máràárùn-ún ti fẹ́ràn géèmù. Ó kó àga ìgbàlejò kúrò ní pálọ̀, ó to ẹ̀rọ géèmù márùn-ún síbẹ̀, ó sì ra àpótí kékeré tí ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àga tó ń kan wáyà mọ́ ògiri. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń kọrin.

Ṣùgbọ́n wo ibi tó ti ṣìṣe. Nínú ilé wọn, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Ọkùnrin wa rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Wáyà kan ṣoṣo ló fà jáde nínú àpótí náà, ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀ ló fà á sí. Ó tún ṣètò àpótí náà pé ẹ̀rọ tòun ni kó máa kọ́kọ́ bu íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àbúrò, kí wọ́n máa ṣa èyí tó bá kù nínú afẹ́fẹ́.

Sátidé pé, gbogbo wọn dé tìdùnnú-tìdùnnú. Eré ìje ọkọ̀ ni wọ́n yàn. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ń lọ wìì; tàwọn yòókù dúró gbagidi láàárín títì, bí ẹni pé epo tán. Ẹ̀gbọ́n gbapò kìíní. Ó tún gbà á. Nígbà tó di ìkọkànlá, ó fò sókè, "Èmi náà ni!" Ní Sátidé kejì, àwọn méjì ló wá. Ní ìkẹta, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin nìkan ló yọjú, kò sì gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí itan.

Ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá wa sáré rí. Ògiri lẹ̀ ń bá sáré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó dìde, ó pa ètò tó fi í síwájú rẹ́. Ó ra ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́nu mẹ́jọ tí ń pín wáyà kan sí púpọ̀, ó sì fa wáyà kọ̀ọ̀kan lọ sídìí ẹ̀rọ géèmù kọ̀ọ̀kan. Ó ránṣẹ́ pe àwọn tó kù: "Ẹ padà wá. Mo ti sún fún yín."

Wọ́n padà wá. Àbíkẹ́yìn fi ọkọ̀ tirẹ̀ já a sílẹ̀, ó ń fọn fèrè sí i, ó gun orí àga ó ń jó. Ariwo pọ̀ débi pé aládùúgbò wá béèrè ta ló bímọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó ṣe ìkarùn-ún nínú márùn-ún ló tó mọ̀ pé àwọn àbúrò òun ti dé.

Ìwọ náà kọ́lé, o se ìkòkò ọbẹ̀, o pe àwọn ọmọ ìyá rẹ, wọn ò wá, o wá ń bi mí ẹni tó ń dì wọ́n lọ́wọ́. Mi ò ní kí o má ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹran wà nínú àwo, mú tìrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jókòó, ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló dúró gbagidi? Máa lọ sílé, ará mi, lọ fa wáyà tìrẹ tu. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré. Wọn ò ní dúró de Sátidé kí wọ́n tó padà wá.