Ìbídùn Kúnlẹ̀, Kò Fi Kọ́kọ́rọ́ Sílẹ̀

"Orúnkún la fi ń kí àgbà, a kì í fi kọ́kọ́rọ́ kí i." Bí àlejò bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ará Ìdó-Ọ̀pẹ, ńṣe ni yóò máa wò bọ̀ọ̀. Ta ló fi kọ́kọ́rọ́ kí àgbà rí? Wọ́n fi kí i rí o, ojú wọn sì rí màbo.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìlú náà, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò fi máa ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà níbẹ̀: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀gá Adéògún, kó sì sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Wọn ò rò ó pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ lè fi orúkọ rẹ jalè.

Àfi Ìbídùn. Àga Akínbọ̀dé ni wọ́n fún un, ọkùnrin tí wọ́n lé nítorí pé ilẹ̀ opó kan ṣàdédé di ti ọ̀rẹ́ ọ̀gá, tí kọ̀ǹpútà sì ní Akínbọ̀dé ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà! Ìbídùn ti gbọ́ èyí kó tó débẹ̀. Orúkọ baba rẹ̀ ni gbogbo ogún tó ní. Kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bo olè mọ́lẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Páásìwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ìkíni ni mo mú wá, sà. Ìyẹn ò bá a wá."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé, àgbà obìnrin ibẹ̀, ní, "Ìbídùn, fún wọn jàre! Kí wọ́n má baà ní wọn ò kọ́ ẹ nílé."

"Wọ́n kọ́ mi, mà. Ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ wọn, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí wọn, ìdí ìró ni wọ́n ń so ó mọ́."

Ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì. "Èmi tí mo bí irú ẹ!"

"Ẹ bí irú mi lóòótọ́, sà. Ẹ ò bí páásìwọ́ọ̀dù mi."

"Ó dáa. Ẹni tí kò bá fún mi kì í jókòó níbí. Ẹ gbé àga ẹ̀ kúrò!"

"Ẹ ṣeun, sà. Ìdúró ò pa igi."

Ó dúró ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn tó wá wo ilẹ̀ wọn bá bi í pé, "Sìsítà, àga dà?" á ní, "Wọ́n gbà á nítorí ilẹ̀ yín." Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún wá, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó dìde, ó dúró.

Ló bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Abọ́sẹ̀dé mí kanlẹ̀, ó yí páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀ padà, ó sì fẹsẹ̀ ti àga sẹ́yìn. "Ẹ wá gbé tèmi náà." Ẹlòmíràn yí tirẹ̀ padà, ó dìde, ẹlòmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá nìkan ló jókòó. Ó fi orúkọ tọ̀hún gbìyànjú, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó fi tèyí gbìyànjú, ó kọ̀.

"Ṣé ẹ ò bọ̀wọ̀ fún mi mọ́ ni?" ló fi igbe ta.

Gbogbo obìnrin kúnlẹ̀, gbogbo ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, sà!"

Ìbídùn gbójú sókè láti orí eékún rẹ̀. "Ọ̀wọ̀ yín rèé, sà, ó pé. Ṣé kò kù síbì kan?"

Àwọn tó wá wo ilẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgboro. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá béèrè ohun tí kò tọ́ sí i n'Ídòó-Ọ̀pẹ, ọmọ á kúnlẹ̀ kí i dáadáa, á wá wò ó lójú, á ní: orúnkún la fi ń kí àgbà, a kì í fi kọ́kọ́rọ́ kí i.