Irun Ọba àti Irun Àrẹ̀mọ
Kábíyèsí Ìlárá-Odò pẹ́ lórí oyè títí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀ tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀, fi di arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fárí fún ọba nítorí ọdún ìlú, tí Àrẹ̀mọ jókòó sí tòsí, ọba bi Ògúndépò onígbàjámọ̀ pé, “Ìwọ lò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Ta ni wọ́n ń fẹ́ lórí ìtẹ́ báyìí, èmi ni àbí ọmọ mi? Bí o bá purọ́, o ò ní fárí mọ́ nílùú yìí.” Bó bá dárúkọ ọba òní, ọba ọ̀la ń gbọ́; bó bá dárúkọ ọba ọ̀la, ọba òní ò ní gbà. Ògúndépò ní, “Kádé pẹ́ lórí, ẹ jẹ́ n parí iṣẹ́ ná.” Ó fá orí ọba kodoro, kò ká aṣọ tí irun bọ́ sí, ó ní kí Àrẹ̀mọ bọ́ sórí àpótí kan náà, ó fá tiẹ̀ náà. Ló bá tẹ́ aṣọ ọ̀hún síwájú Kábíyèsí. “Irun ọba kì í dé ìta, inú ààfin la máa ń rì í sí. Ẹ bá mi ṣa tiyín kúrò nínú ti Àrẹ̀mọ. Bí ẹ bá ṣà á tán, màá dáhùn.” Ọba tẹjú mọ́ irun, funfun ni gbogbo rẹ̀. Àrẹ̀mọ yá awò ojú bàbá rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ni orí dídán méjì bá kọlu ara wọn gbì! Kábíyèsí fọwọ́ ra orí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló lè yà wọ́n? Fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, jàre.” Ògúndépò dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ohun tí ìlú wí gan-an nìyẹn, Kábíyèsí.”