Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Adájọ́ Gba Odò Lọ́wọ́ Ọba

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn o, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Àlọ́ mi dá lórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ adájọ́.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ dá nínú igbó. Odò kan ṣoṣo ló kù. Kìnnìún ọba bá sọgbà yí i ká. Ó ní ìdílé òun nìkan ni yóò máa mu níbẹ̀.

Àwọn ẹranko gbé ẹjọ́ tọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, adájọ́ igbó, lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ránṣẹ́ pe ọba wá, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

“Kábíyèsí, òfin ní kẹ́ ẹ pe ìgbìmọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan odò. Ṣé ẹ pè wọ́n?”

“N kò pe ẹnì kankan.”

“Àṣẹ yín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo fagi lé e.”

Igbó hó yèè! Wọ́n gbé adájọ́ sọ́rùn. Ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí nìyẹn. Àmọ́ orí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wú.

Ó ní: “Ọba yìí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa pín omi.”

Kò wó ọgbà náà o! Ó kàn lé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba lọ ni, ó fi àwọn àna rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ará igbó ń lá ìrì orí ewé.

Nígbà tó yá, òùngbẹ mú kí ọmọ Ẹtu dákú lọ gbọnrangandan. Ẹtu pọ̀n ọ́n, ó sáré wọ ilé ẹjọ́.

“Adájọ́, ẹ gbà mí! Mo wá pe ẹnì kan lẹ́jọ́.”

“Ta ni?”

“Ẹni tó gba odò.”

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ húkọ́. Ó wòkè, ó wolẹ̀.

“Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ọmọlúàbí ni. Kò jẹ̀bi.”

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà níbẹ̀, Ẹtu nìkan ló ń sunkún. Ni Erin, olórí ìgbìmọ̀, bá dìde.

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí lo ní ọba ṣe tó o fi dá a lẹ́bi?”

“Kò pe ìgbìmọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́? Èmi olórí wọn rèé. O pè mí bí?”

Erin lọ sódò, ó fẹsẹ̀ kan wó ọgbà lulẹ̀. Ẹtu bu omi tọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ lajú. Ọba pe ìgbìmọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì fẹnu kò pé kí gbogbo ẹranko máa tò mu omi. Wọ́n gba oyè adájọ́ lọ́wọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ó figbe ta: “N kò gbà! Mo fẹ́ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn!”

Erin ní: “Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mu omi ná, ohùn rẹ ti gbẹ. Ẹ̀yìn Ẹtu ni kó o tò sí.”

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí a ní kó wò ó bóyá ọba rìn lójú òfin, kó má ṣe fi ìyẹn gorí ìtẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá la ìjà ẹran, ẹ má gbé ẹran náà lọ sílé.