Ìjàpá Tó Ń Kọ́ Ọdẹ Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́ Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti ń sùn ni? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ìjàpá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òkété méjì, ó ń jẹ ẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìwà ìkà tó hù nìyẹn. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi epo sí i. Àlọ́ mi ò rìn jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ọdẹ kan ló yà sí, ìdí àgò ló jókòó sí.

Ọdẹ́wùmí ni ọdẹ náà ń jẹ́. Àgbàlagbà ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Kò sí ihò òkété tí kò mọ̀ nínú igbó Ìdí-Ìyeyè. Lọ́jọ́ kan, ó pa òkété abiyamọ kan lẹ́nu ihò. Bó ṣe ti ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó kan ọmọ méjì. Ọ̀kan di ìka rẹ̀ mú, pinpin, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú.

Ọkàn ọdẹ yọ́. Ó ní, "Èmi ni mo pa ìyá yín. Bí ẹ̀yin náà bá kú, ẹ̀ṣẹ̀ mi di mẹ́ta."

Ó kó wọn sápò, ó gbé wọn relé. Ó sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, ó sọ èkejì ní Dúrósinmí. Ẹ mọ àwọn tí à ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ikú wọn ló ń ba bàbá.

Àwọn ará àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Mojèrè yọjú lórí ọgbà: "Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá Ọdẹ! Ta ni wọ́n fi jọ, ẹ̀yin àbí ọbẹ̀?"

Ohun tó bá Ọdẹ́wùmí ju ẹ̀rín lọ. Gbogbo ọ̀nà tí òkété fi ń kú ló mọ̀; kò mọ ọ̀kan ṣoṣo tó fi ń wà láàyè. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó sórí iná. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí itan. Ìrù ló fi gbé Málọmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Málọmọ́ ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo adìyẹ fi sá wọgbó.

Ó wá hun àgò fún wọn. Bó ṣe ń ṣe pańpẹ́ náà ló ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Pákó wúwo ni ilẹ̀kùn náà, okùn kan tó gba òkè àgò kọjá ló sì ń gbé e dúró. Bí okùn bá já, pákó á já lulẹ̀, á sé ẹnu àgò.

Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, gbọ́ pé ọdẹ kan ń wa gbágùúdá, ó ń ṣa ẹyìn, ó ń bó ẹ̀pà, nítorí eku. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ wá bí àgbà.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá Ọdẹ. Wọ́n ní ẹ ti di ọlọ́mọ."

"Ìwọ náà fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ká má rí i! Èmi tí mo tọ́ ọgọ́fà òkété dàgbà?"

"Níbo?"

"Níbi tó jìnnà ni. Ẹ gbọ́, ojú máa ń ti òkété. Kì í jẹun lójú ènìyàn. Bẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ kọ̀yìn sí i, ẹ dijú, ẹ máa kọrin. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Bẹ́ ẹ bá wẹ̀yìn, wọ́n kú nìyẹn."

Ọdẹ́wùmí bi í pé, "Bí wọ́n bá ní kò yó àwọn ńkọ́?"

"Hà! Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ̀ pé wọ́n yó. Ọmọ òkété a máa purọ́. Bó bá ní ebi ń pa òun, ó ti yó bámúbámú."

"Mo gé igi gbígbẹ kan wá, pé kí wọ́n máa fi eyín gé e jẹ."

"Igi kẹ̀? Ẹ gbé e sọnù! Eré ni wọ́n á máa fi ṣe."

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ dákẹ́, ẹ ní ó yó. Ọmọ ké, ẹ ní ó yó. Ọ̀nà wo ló kù tí yóò gbà jàre?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọdẹ́wùmí fa ilẹ̀kùn sókè, ó da ẹ̀pà sínú àgò, ó kọ̀yìn, ó dijú. Ẹ máa gbè é:

Málọmọ́, jẹun rẹ o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Dúrósinmí, jẹun rẹ o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Mo kọ̀yìn, mo dijú o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ má kú o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*

Bí orin ti ń lọ ni Ìjàpá na ọrùn gba ẹnu àgò. Wùmù-wùmù-wùmù! Ọdẹ gbọ́ ìró ìjẹ lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn ọmọ mi ń jẹun!"

Orin parí, ó yíjú. Èèpo ẹ̀pà nìkan ló kù.

"Bàbá, ebi ń pa wá," ni Málọmọ́ wí.

"Ìjàpá ló jẹ ẹ́," ni Dúrósinmí wí.

Ọdẹ́wùmí pàtẹ́wọ́. "Wọ́n mà ti yó o!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí di ọjọ́ kẹjọ. Ọrùn Ìjàpá ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún. Egungun ìhà àwọn ọmọ ṣeé kà. Ìyá Mojèrè tún yọjú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá Ọdẹ, ọmọ yín ò jọ ọbẹ̀ mọ́ o. Òjìji ni wọ́n jọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọdẹ lọ́kàn. Ó wo ọwọ́ tó fi pa ìyá wọn. Ó ní, "Lọ́la, n ó sọ oúnjẹ wọn di ìlọ́po mẹ́ta."

Nínú àgò, àwọn ọmọ ń gbìmọ̀.

"Eyín mi ti gùn jù," ni Dúrósinmí wí. "Ó ń yún mi. Igi ò sí, kí ni mo fẹ́ gé?"

Málọmọ́ gbójú sókè. "Okùn yẹn ńkọ́?"

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án. Ọdẹ to ẹ̀pà, ó to ẹyìn, ó to gbágùúdá, ó tì í wọ inú lọ́hùn-ún. Ó kọ̀yìn, ó gbé orin. Ẹ gbè é! *Kíńkín-jàlá-kín!*

Ìjàpá na ọrùn, kò tó o. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó gbogbo ara wọlé. Ó bá Málọmọ́ nídìí ẹ̀pà, tó ń kó o sẹ́rẹ̀kẹ́ wéréwéré.

"Tu ú sílẹ̀, olè!" ni Ìjàpá wí.

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń pe ènìyàn lólè!

Dúrósinmí ti gun òkè àgò. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Okùn já.

GBÀGÀ!

Ìjàpá ti ní kí Ọdẹ́wùmí má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ta ni ọdẹ tí yóò gbọ́ ìró pańpẹ́ kó má yíjú? Ó yíjú. Málọmọ́ ò kú, Dúrósinmí ò kú. Ìjàpá rèé láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kún, epo ẹyìn ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń... mò ń fi bí wọ́n ṣe ń jẹun hàn wọ́n ni, Bàbá Ọdẹ."

Málọmọ́ bọ́ síwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ó tu ẹ̀pà síwájú ọdẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó. "Bàbá, ẹni tó yó kì í fi oúnjẹ pa mọ́ sẹ́nu."

Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ni àgbà náà. Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ máa dájọ́. Ṣé kí n fi Ìjàpá se ọbẹ̀?"

Ìjàpá gbé ẹ̀pà tó kù mì láìrún un.

"Rárá," ni Málọmọ́ wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jẹ tiwa. Kó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọrin fún wa."

Ẹ ò bá rí ọkọ Yánníbo! Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi, ó kọjú sí ògiri, ó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje lójoojúmọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń wá gbè é. Ìyá Mojèrè jó títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Málọmọ́, jẹun rẹ o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Dúrósinmí, fi kún un o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Mo kọ̀yìn, mò ń gbóòórùn o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*
Ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ rántí mi o,
*Kíńkín-jàlá-kín!*

Ṣé wọ́n rántí rẹ̀? Èèpo ẹ̀pà ni wọ́n jù sí i.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́sàn-án orin náà pé, ọdẹ tú Ìjàpá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ilẹ̀kùn àgò kúrò pátápátá. Ó ní, "Mi ò ní sé yín mọ́ mọ́. Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé."

Àwọn ọmọ òkété kó ẹ̀pà sẹ́rẹ̀kẹ́ títí ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Wọ́n jáde. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá, wọn ò dúró. Wọ́n dé ìdí ògiri, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ẹnu méjì ni wọ́n ṣe sí ihò náà. Ọ̀kan kọjú sí igbó, kí ẹnikẹ́ni má lè sé ilẹ̀kùn mọ́ wọn láé. Èkejì yọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tí bàbá máa ń jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà ni òkété ti ń kó oúnjẹ sẹ́rẹ̀kẹ́, tí ihò rẹ̀ kì í sì í ní ẹnu kan ṣoṣo.

Nírọ̀lẹ́, bí Ọdẹ́wùmí ti jókòó, Málọmọ́ yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó tu ẹ̀pà kan sí i lẹ́sẹ̀. Ìpín tirẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi tẹsẹ̀ dúró sí. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi tòkété. Ẹ fọwọ́ kàn án wò: pẹlẹbẹ ni!