Ẹyọ Dúdú Ẹ̀yìnkùlé

"Ẹyọ dúdú tí a ṣà nù, òun ló mọ ibi tí àpáta ti wá." Bí ẹ bá ti jókòó rí níbi tí àwọn àgbà Ìdí-Àpáta ti ń parí ọ̀rọ̀, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ta ló mọ orírun rẹ̀ nínú yín? Ọ̀pọ̀ rò pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ló ti wà. Rárá o. Ìṣojú mi ni wọ́n bí òwe yìí, n kò sì tíì dàgbà tó bí àwọn ọmọ mi ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òkúta fífọ́ ni iṣẹ́ ìlú wa. Àwọn ọkùnrin a dáná igi lé orí àpáta títí yóò fi sán, wọn a sì fi òòlù ńlá là á. Àwọn obìnrin a jókòó sábẹ́ ibòji, wọn a fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. A wá ní àṣà kan: a kì í jẹ́ kí àlejò rí àbùkù wa. Bí àlejò bá béèrè òkúta, èyí tó funfun jù la ó wá fún un. Àwọn ẹyọ dúdú tó wà lára òkúta wa, àbàwọ́n la kà wọ́n sí, a ó fi irin hó wọn kúrò bí ẹni ń ṣa ìdọ̀tí inú ẹ̀wà.

Àṣà náà kò mọ sórí òkúta. Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ògúnrántí tó jẹ́ olórí àwa afọ́kùúta, ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú àwọn obìnrin, títí di ọjọ́ tí àfọ́kù òkúta ta bà á lójú ọ̀tún tí ojú náà sì fọ́. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ti wọ ilé Bàbá, ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. A kàn ń gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ ni. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí èmi náà gbé e rí.

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúadé wá láti yunifásítì. Ó ní àpáta wa ti yọ́ rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, pé ó gbóná ju epo inú agbada lọ, kó tó di pé ó tutù díẹ̀díẹ̀, tó sì dì bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé. Ó fẹ́ mọ bó ṣe gbóná tó, àti bí ibi tó ti dì ṣe jìn tó. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wù wá gbọ́. Ibà dá a dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kó tó ṣàlàyé irú òkúta tó ń wá, nítorí náà àwa la bá a ṣa òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣà á. A hó gbogbo dúdú ara rẹ̀, a fọ̀ ọ́, a dì í sínú àpò fún un. Inú wa dùn pé a ṣe àlejò lóore.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló padà dé, ojú rẹ̀ sì ti fà ro. Olùkọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan kà lára òkúta wa. Ẹyọ dúdú gan-an ló ń wá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní áńfíbọ́ọ̀lì. Ó ní bí Tinúadé kò bá rí i mú wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí ó fi àpáta wa sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Ọdún méjì ló sì ti fi múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Ògúnrántí jẹ́wọ́ pé àwa la hó gbogbo rẹ̀ dànù, pé díẹ̀ tó wà lára èyí tí a ń fọ́ kò sì lè tó iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí dúdú pọ̀ sí lára àpáta, a kì í fọ́ òkúta níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti da èérún bò ó, kò sì sẹ́ni tó rántí ojú ibẹ̀ mọ́.

Tinúadé lọ sẹ́yìnkùlé láti bọ́jú, kí a má baà rí omijé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bojú wolẹ̀, tó rí i pé òkúta ẹlẹ́yọ dúdú ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà. Ó yíjú sí Ìyá Àwẹ̀ró tó jókòó sórí àga rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Níbo lẹ ti rí òkúta wọ̀nyí?"

"Èyí tí wọ́n ń dà nù ni, ọmọ mi," ni Ìyá Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Mo ń kó wọn bọ̀ nígbà tí mo ṣì ń fọ́ òkúta, kí n lè fi dí ẹrẹ̀."

"Ẹ ṣì rántí ibi tí ẹ ti kó wọn, mà?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ojú ló fọ́, iyè mi kò fọ́. Èyí tí ẹyọ rẹ̀ tó ọmọ àgbàdo yẹn, ẹsẹ̀ àpáta ni, lápá odò. Èyí tó rí wínníwínní, òkè téńté ni. Bá mi mú ọ̀pá mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gun àpáta. Ibi tí Ìyá bá fi ọ̀pá kàn, àwa a gbẹ́ èérún kúrò, Tinúadé a sì fi òòlù rẹ̀ gé òkúta tútù tí ẹyọ dúdú ń dán lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tó fi gbé wọn dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ló tún wá, tòun ti àwòrán ńlá kan. Ẹyọ dúdú kan ṣoṣo ni, tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì fi awò sọ di ńlá. Ìpele-ìpele ni inú rẹ̀ bí àlùbọ́sà. Tinúadé ní láìsí omi nínú òkúta yíyọ́ náà, ẹyọ dúdú kò lè dì rárá, àti pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló pa ìròyìn ooru àti jíjìn mọ́. Bí ènìyàn bá lè máa rìn sísàlẹ̀ ilẹ̀, yóò rìn láti ìyálẹ̀ta di ọ̀sán gangan kí ó tó dé ibi tí àpáta wa ti dì. "Àwọn funfun tí ẹ hó fún mi," ló wí, "ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí ni ọ̀pọ̀ wọn dé."

Bàbá Ògúnrántí dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó fúnra rẹ̀ gbé àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síwájú ilé, ó sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí wa. Ẹyọ dúdú tí a ṣà nù, òun ló mọ ibi tí àpáta ti wá."

"Dìde," ni Ìyá wí. "Ẹ gbé omi fún ọmọ yìí." Àga náà kò sì padà sẹ́yìnkùlé mọ́ títí tí Ìyá fi dágbére fáyé.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ẹbí tàbí ìlú bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ láìpe ẹni tí wọ́n ti patì, bóyá nítorí àìsàn, ọjọ́ ogbó tàbí àbùkù ara. Bí wọ́n bá ti pa á ní Ìdí-Àpáta, a kì í sọ̀rọ̀ síwájú mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde, kí ó lọ wo ẹ̀yìnkùlé.