Ọgbà Tíkì Láníyọnu

Ọgbà tó ń lé àlejò, ewúrẹ́ ló ń bọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ á ní, ọgbà wo ló ń bọ́ ewúrẹ́? Ṣebí tìtorí ewúrẹ́ gan-an la ṣe ń ṣọgbà? Ẹ bi Láníyọnu ará Odò-Ọ̀pẹ.

Láníyọnu ti gé koríko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun l'Ékòó. Bó ṣe ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló gbẹ́ òkun. Ohun tó wú u lórí jù níbẹ̀ ni ọgbà oparun kan tó ní àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ojú sí: ojú bí àwo, eyín bí ayùn. Tíkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní láti erékùṣù kan láàárín agbami ni wọ́n ti wá.

Nílé, inú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò dùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ewúrẹ́ ti ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sẹ́yìnkùlé. Díẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ kù, àwọn obìnrin tó ń gba àgbàlá wọn kọjá lọ sódò ni wọ́n máa ń bá a lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

"Bàbá Dúró," ni Àwẹ̀ró wí, "bí ewúrẹ́ bá tún jẹ ẹ̀fọ́ mi lọ́dún yìí, ilé bàbá mi lẹ ó ti máa wá kí mi."

"Ewúrẹ́ kẹ̀? Ọgbà tí mo fẹ́ ṣe, bí ẹkùn bá rí i, á béèrè ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀!"

Láníyọnu gé oparun etí odò títí oòrùn fi rí ìsàlẹ̀ odò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Ó wá lọ bá Ògúndíran agbẹ́gilére pé kó gbẹ́ tíkì méjìlá fún òun.

"Igi ìrókò ńkọ́?" ni baba náà bi í. "Á parí tí iṣu tuntun bá jáde."

"Ẹ̀yin bàbá, Àwẹ̀ró ò ní dúró de iṣu. Èwo ló yá jù?"

"Ìyeyè ló rọ̀ jù. Àmọ́ a kì í ri ìyeyè tútù mọ́lẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ lórí àjà fún oṣù méjì, kó kú pátápátá."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín débi pé adìyẹ tó ń sàba fò dìde. "Igi tí ẹ la ojú fún, tí ẹ lu imú rẹ̀, tí ẹ gbẹ́ ẹnu sí, ó tún kù kó kú?"

"Ẹnu mi ti sọ tèmi," ni Ògúndíran wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láníyọnu ri àwọn tíkì náà mọ́lẹ̀ ní tútù; ọgbà dúró, ó sì bani lẹ́rù. Oníkẹrosíìnì rí i, ó ju garawa nù, ó dé abúlé kejì kí fìlà rẹ̀ tó bá a níbẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó rí tíkì àkọ́kọ́, àárín títì ló ti kígbe, "Ẹ kú ilé o!" tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin alómi wá ọ̀nà mìíràn gbà.

"Èèyàn gan-an ń sá," ni Láníyọnu ń fọ́nnu, "kí ni ewúrẹ́ jẹ́?"

"Àwọn tó ń bá wa lé ewúrẹ́ lẹ lé lọ yẹn o," ni Àwẹ̀ró wí.

"Tíkì á lé e!"

Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dá, ewé kan yọ lágbọ̀n tíkì kan. "Irùngbọ̀n ni," ni Láníyọnu wí, "ó ti ń dàgbà." Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, àwọn méjèèjìlá ti rúwé ní imú, ní etí, ní ẹnu. Ta ni kò sì mọ ewúrẹ́ àti ewé ìyeyè? Èyí tó ń kú lọ, bó bá gbóòórùn rẹ̀, á dìde.

Òbúkọ kan ló kọ́kọ́ dé. Ó wo tíkì lójú, ó já irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ewúrẹ́ abúlé méje ti pé. Àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fa èèkàn wọn dání wá. Wọ́n gun ara wọn, wọ́n gun oparun, oparun ké, ó dá. Látibi ewé dé ibi ẹ̀fọ́, ìṣísẹ̀ kan ni. Kò sí ẹnì kan lọ́nà tó máa báni pariwo. Láníyọnu nìkan ló ń ju ọ̀pá kiri, ewúrẹ́ sì ń wò ó bí àlejò tí kò mọ̀wà hù.

Nígbà tí Àwẹ̀ró máa ti oko dé, ebè ẹ̀fọ́ ti dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó di ẹrù rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣebí ìwọ náà rí i pé àlejò kankan ò lè wọlé?"

"Mo rí i, Bàbá Dúró. Ọgbà tó ń lé àlejò, ewúrẹ́ ló ń bọ́. Ẹ kú ìṣọ́gbà o."

Ó dé ilé bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé e dé odò, odò sì gbé e dé ìlú gbogbo. Láníyọnu ń fẹ́ná iṣu tí kò ní ọbẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èrò ọ̀nà. Ó na àyà síta.

"Nínú gbogbo ọgbà ìlú yìí," ló wí, "èwo ló tún di òwe?"

Látìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbé ohun ẹ̀rù kalẹ̀ tó fi lé ọ̀rẹ́ lọ, tí ọ̀tá wá ń fi í yó, àwọn ará Odò-Ọ̀pẹ kì í pẹ́ kí wọ́n tó sọ pé: ọgbà tó ń lé àlejò, ewúrẹ́ ló ń bọ́.