Ògiri Tí A Kò Ṣá Lọ́gbẹ́

Bíríkìlà kan wà tó jẹ́ pé bó bá rẹ́ ògiri tán, eṣinṣin tó bà lé e a máa yọ̀. Àwọn aráàlú ní kó bá àwọn tún yàrá ìṣeré rẹ́, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́ ògiri. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn ju gbogbo èyí tó ti ṣe lọ, torí kò sẹ́ni tó lè gbá bọ́ọ̀lù náà níbẹ̀ bíi Fadérera, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń múra láti mú un lọ ṣojú ìlú níbi ìdíje.

Ọ̀dà elépo ni wọ́n ti fi kun ògiri àtijọ́ náà. Bíríkìlà sì mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì kì í di ọ̀dà mú. Bí pílásítà yóò bá gba ìgbájú bọ́ọ̀lù, àfi kéèyàn kọ́kọ́ fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣá ògiri lọ́gbẹ́ káàkiri, kó fomi fọ eruku rẹ̀, kó tó rẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ṣá ògiri ọwọ́ òsì tán. Eruku gba gbogbo àdúgbò.

Àwọn tó ń kọjá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Fadérera, kí ni ògiri yìí fi ṣẹ̀ yín?"

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ wá sọ ọ́ di ojú ẹni tí olóde bá jà."

Ẹ̀rín wọn dùn ún wọra. Ẹni tí ìyìn ti mọ́ lára, yẹ̀yẹ́ kékeré ni yóò pa á. Ó ju òòlù sílẹ̀. Ó rẹ́ ti òsì tó ti ṣá, ó sì rẹ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún lé ọ̀dà lórí bẹ́ẹ̀ láìṣá a, ó fi sìmẹ́ǹtì tí kò níyanrìn dán méjèèjì. Ògiri méjèèjì jọra bí ìbejì. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín padà wá kí i kú iṣẹ́.

Bọ́ọ̀lù ń lu ògiri, ó ń lù ú, abẹ́ pílásítà ti ọ̀tún ń ṣófo. Ó di ọjọ́ kan, Fadérera sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù dé ìdí ògiri ọ̀tún, pílásítà ya kúrò lára rẹ̀, ó wó lé e léjìká. Wọ́n to eegun rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó jinná, ṣùgbọ́n apá yẹn ò gòkè kọjá àyà mọ́.

Bàbá jókòó tì í. Ọmọ ò sunkún. Ó kàn ń wojú rẹ̀.

"Bàámi, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Bàbá dìde, ó gbé òòlù rẹ̀. Ó padà lọ ṣá ògiri ọ̀tún látòkè délẹ̀, ó tún un rẹ́. Ti òsì, èyí tó ti gba ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ sán. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn báyìí.

Ìwọ náà ńkọ́? O ṣẹ àbúrò rẹ, o wá gbé iṣu àti àkùkọ lọ bá a, o ní kí ọ̀rọ̀ àná bá àná lọ. O ò dárúkọ ohun tí o ṣe. O ò jẹ́ kó sọ ibi tó ti dùn ún, kí ará ilé má baà gbọ́, kí wọ́n má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O rẹ́ ẹ lé ọ̀dà lórí ni. Ó ń dán, ẹbí sì ń yìn ọ́. Dìde, lọ jókòó níwájú rẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kó dun ẹ̀yin méjèèjì. Nítorí ọjọ́ tí ògiri yẹn bá máa ya, ìwọ kọ́ ni yóò wà nídìí rẹ̀. Ọmọ rẹ ni.